Àṣà Wa, Sóṣà Wọ́kà àti Ilé Ìwé ní Ìlú Ọba: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn òbí Yorùbá ní Peckham, ní Thamesmead, ní Manchester àti káàkiri Ìlú Ọba máa ń bi ara wọn lẹ́yìn ìsìn, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, tàbí lórí WhatsApp lóru ọjọ́ tí lẹ́tà káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) bá wọlé. Díẹ̀ nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó jẹ́ sóṣà wọ́kà (òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ire ọmọ àti ìdílé) tàbí olùkọ́ níbẹ̀, tí iṣẹ́ wọn ń mú wọn wọ ilé àwọn ẹ̀yà mìíràn. Òfin England ni mo ń sọ, àfi ibi tí mo bá ti dárúkọ Scotland tàbí Wales.

Kí ni wọ́n ń sọ gan-an nígbà tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ mọ àṣà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún?

Wọ́n fẹ́ kí sóṣà wọ́kà, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì lè ṣiṣẹ́ fún ìdílé tí àṣà wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀, kó má ṣì wọ́n gbọ́, kó má fojú tín-ín-rín wọn, kó má sì torí àṣà fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sínú ewu. Ní 1989, Terry Cross, ọmọ ẹ̀yà Seneca nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ìwé kan lórí bí àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ọmọdé ṣe yẹ kí wọ́n máa bá àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye lò. Kókó ọ̀rọ̀ wọn ni pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ló máa yí padà; iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, àti òfin tó ń tẹ̀ lé, gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú. Ní 1998, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Melanie Tervalon àti Jann Murray-García, fi kún un pé kò sí ẹni tó lè kàwé gboyè nínú àṣà ẹlòmíì. Ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ mú dání: kó máa yẹ ara rẹ̀ wò títí láé, kó sì jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú máa kọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà yìí ni mo gbà jù. Mi ò fẹ́ràn ìwé ìléwọ́ tó ń to àṣà lẹ́sẹẹsẹ, pé báyìí ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe máa ń ṣe, báyìí ni àwọn Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní Lewisham, tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àti ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé, Yorùbá ni àwọn méjèèjì. Ìwé ìléwọ́ kan náà ò lè ṣàlàyé wọn.

Ṣé òfin fi dandan lé e, àbí ojú àánú lásán ni?

Òfin fi dandan lé e. Òfin tí wọ́n ń pè ní Children Act 1989 sọ ní ìpín 22 pé bí káńsù bá fẹ́ ṣe ìpinnu nípa ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ro ti ẹ̀sìn ọmọ náà, ìran rẹ̀, àṣà rẹ̀ àti èdè rẹ̀. Equality Act 2010 sì ka ṣíṣe ojúsàájú nítorí ẹ̀yà léèwọ̀ fún ilé ìwé, káńsù àti ilé ìwòsàn. Bí ọmọ yín bá wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ òyìnbó, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ta ni yóò máa bá a ṣe irun rẹ̀, ibo ni yóò ti máa gbọ́ Yorùbá, àti bóyá yóò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Òfin ìgbàṣọmọ ti 2002 kọ́kọ́ ní kí wọ́n ro ti ìran, ẹ̀sìn, àṣà àti èdè ọmọ kí wọ́n tó fún un ní òbí tuntun. Ní 2014, ìjọba yọ ìlà yẹn kúrò ní England, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú dúró pẹ́ jù. Ó ṣì wà ní Wales. Ìdúró pípẹ́ ò dára fún ọmọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n wọn ì bá kọ́kọ́ wá òbí aláwọ̀ dúdú délé-dóko, ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa, kí wọ́n tó pa ìlà náà rẹ́.

Bí òṣìṣẹ́ bá ń bọ̀wọ̀ fún àṣà báyìí, ṣé kò ní máa gbójú fo ìwà ìkà?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ọmọ kan sì bá a lọ. Victoria Climbié lorúkọ rẹ̀, ọmọ Abobo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan ní Ivory Coast. Àǹtí bàbá rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ pé òun á fi í sílé ìwé ní Yúróòpù. Àwa náà mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ ọmọ kan tó lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan nítorí ẹ̀kọ́? Wọ́n gba ilẹ̀ Faransé kọjá, wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹrin 1999. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2000, Victoria kú. Ọmọ ọdún 8 ni. Ọgbẹ́ àti àpá 128 ni wọ́n kà lára rẹ̀. Ní 2001 ni ilé ẹjọ́ dá obìnrin náà àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ lẹ́bi ìpànìyàn.

Ohun tó dun ni jù ni pé Victoria kò fara pa mọ́. Káńsù mọ̀ ọ́n, ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n, ilé ìwòsàn méjì ti tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Lord Laming, ẹni tí ìjọba ní kó wádìí ikú rẹ̀, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní 2003, a rí i pé àṣà wà lára ohun tó dí àwọn òṣìṣẹ́ lójú. Victoria máa ń nàró gbagidi níwájú obìnrin tó mú un wá. Sóṣà wọ́kà rẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀, ó rò pé ọ̀wọ̀ àti ìgbọ́ràn ni, pé bí ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú ṣe ń tọ́mọ nìyẹn. Àwọn òbí Victoria wá sọ fún ìgbìmọ̀ ìwádìí náà pé ọmọ àwọn kì í dúró bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àwọn kan sì rí àpá lára rẹ̀, wọ́n gbà pé ọmọ tó dàgbà ní Áfíríkà lè ní irú àpá bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ pé òun ò fẹ́ dá sí i torí àṣà wọn ni, kò mọ àṣà kankan. Ẹni tó bá mọ àṣà yóò béèrè: ṣé báyìí ló ṣe ń ṣe nílé àwọn òbí rẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ yòókù nínú ilé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ, ní èdè tó yé e, nígbà tí àgbà ilé ò sí nítòsí? Kò sí àṣà Yorùbá kan, kò sì sí ti ẹ̀yà mìíràn tí mo mọ̀, tó ní kí ọmọdé sùn sínú balùwẹ̀ nínú òtútù bí wọ́n ṣe fi Victoria sí.

Sóṣà wọ́kà kan ilẹ̀kùn mi. Ṣé wọ́n ti fẹ́ gba ọmọ mi nìyẹn?

Rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbẹ̀wò wọn kì í parí sí gbígba ọmọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà wá. Ìpín 17 nínú òfin 1989 wà fún ọmọ tó nílò ìrànwọ́. Ẹ lè gbà á, ẹ sì lè kọ̀ ọ́. Ìpín 47 ni ti ìwádìí, nígbà tí wọ́n bá rò pé ewu ńlá ń bọ̀ tàbí ti dé. Ìgbà wo ni wọ́n lè mú ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀? Ọlọ́pàá lè pa á mọ́ fún wákàtí 72. Bí káńsù bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àfi kí ó lọ bá adájọ́, àṣẹ pàjáwìrì tí adájọ́ bá fún wọn kì í sì ju ọjọ́ 8 lọ, àfi kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí i. Sóṣà wọ́kà nìkan kò lágbára láti wọlé gbé ọmọ yín láìsí àṣẹ kóòtù tàbí ọlọ́pàá.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ìpín wo ni wọ́n fi wá? Ẹ béèrè orúkọ wọn àti ti ọ̀gá wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé kí ọmọ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì lábẹ́ ìpín 20, ẹ ní ẹ fẹ́ rí lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Àdéhùn àfínnúfíndọ̀ ni ìpín 20, òbí sì lè gba ọmọ rẹ̀ padà nígbàkígbà. Bí káńsù bá gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù láti gba ọmọ, ìjọba ló ń sanwó lọ́yà òbí, iye yòówù kí owó oṣù yín jẹ́. Mo rí àwọn òbí tí ẹ̀rù owó lọ́yà mú wọn dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Físà wa kò gbà wá láàyè láti gba owó ìjọba. Ṣé a lè ní kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrànwọ́ ìpín 17 fún ọmọdé kì í ṣe ara owó ìjọba tí físà kà léèwọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àjọ kan tó mọ òfin ìwọ̀lú, nítorí káńsù lè béèrè nípa ìwé ìgbélùú yín.

Wọ́n ní kí n má na ọmọ mi. Àwọn baba wa sì ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣé àṣà wa ni wọ́n kórìíra?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti òfin. Ní Scotland, láti ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2020, kò sí nínà ọmọ kankan tí òfin gbà, ì báà ṣe lábàrá lásán. Wales tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 2022. Ní England, òfin 2004 fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìbáwí tí wọ́n bá kà sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ọwọ́ bá wá fi ojú àpá sílẹ̀, tàbí tí ó wúlé, tí ó bó, àyè yẹn ti tì. Bẹ́líìtì, pàṣán, ìjábẹ̀, wáyà: ẹ má dán an wò. Ilé ìwé ìjọba ò tíì gbọdọ̀ na ọmọ láti ìgbà òfin 1986, torí náà olùkọ́ tó ń wo ojú àpá lẹ́yìn ọmọ yín kò rí nǹkan bẹ́ẹ̀ rí níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìtọ́sọ́nà ìjọba sì ní kó lọ sọ.

Ní ti àṣà, mi ò gbà pé pàṣán ni ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá. Èmi mọ àwọn àgbà tí ojú nìkan ni wọ́n fi ń báni wí. Ìyá máa wo ọmọ láàárín àlejò, ọmọ á sì mọ̀ pé kí òun gbé àwo náà kalẹ̀. Àwọn àgbà ń fi àlọ́ kọ́ ọmọ, wọ́n ń fi oríkì rọ̀ ọ́, wọ́n ń fi òwe bá a wí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀nyẹn ni kí ẹ sọ fún sóṣà wọ́kà nígbà tó bá béèrè bí ẹ ṣe ń tọ́ ọmọ yín. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí pé òbí yìí burú. Yóò bi yín pé kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yín dà, yóò sì bá yín wá ọ̀nà mìíràn débẹ̀.

Olùkọ́ ní ọmọ mi kì í wo ojú òun, pé ó ń purọ́ tàbí pé nǹkan ń ṣe é. Kí ni kí n sọ?

Ẹ wo yàrá ìpàdé kan. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 jókòó sáàárín ìyá rẹ̀ àti olùkọ́. Olùkọ́ bi í pé ta ló ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lulẹ̀ ní pápá. Ọmọ náà tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Olùkọ́ ní kó wo ojú òun. Ó gbé ojú sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sí ti ìyá rẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò kábàámọ̀. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ń dúpẹ́ nínú pé ọmọ òun ò ranjú mọ́ àgbà.

Àwọn méjèèjì wo ọmọ kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Ohun tó yẹ kí òbí ṣe ni kó sọ ọ́ jáde níbẹ̀, kó tó di ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì: nílé wa, bí àgbà bá ń báni wí, a kì í wò ó lójú. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kí ẹ sì kọ́ ọmọ yín pé ohun tí à ń ṣe níwájú màmá àgbà yàtọ̀ sí ohun tí olùkọ́ ń retí, ọmọ sì lè mọ méjèèjì. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Bí kì í bá wo ojú ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yin òbí nígbà eré, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣà dí yín lọ́wọ́ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo ti rí ọmọ tó nílò ìrànwọ́ gidi tó pẹ́ kó tó rí i nítorí pé gbogbo àgbà tó yí i ká ń sọ pé ìtìjú ni, pé ọmọ dáadáa ni.

Àmì dúdú wà ní ìdí ọmọ ọwọ́ mi, ilé ìtọ́jú ọmọ sì ń bi mí bóyá mo lù ú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Éṣíà ni wọ́n bí pẹ̀lú àmì aláwọ̀ eérú tàbí aláró ní ìdí àti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Kì í dùn wọ́n, ó sì máa ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ẹni tí kò rí i rí lè pè é ní ojú ibi tí wọ́n ti lù ú. Ní kété tí ẹ bá ti bímọ, ẹ ní kí agbẹ̀bí kọ ọ́ sínú ìwé pupa ọmọ (ìwé ìlera rẹ̀), ibi tó wà àti bó ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìwé náà han ilé ìtọ́jú ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ti wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà ìsinmi. Ṣé ó yẹ kí n sọ fún káńsù?

Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 16 (tàbí 18 bó bá jẹ́ abirùn), tí yóò sì gbé lọ́dọ̀ yín fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí ẹ sọ. Ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ni òfin fẹ́ kí wọ́n gbọ́, tàbí lójú ẹsẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì. Ẹ gbọ́ ibi tí òfin ti yàtọ̀ sí ti wa: ìbátan tí wọ́n mọ̀ ni ìyá àgbà àti bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá tàbí ìyá rẹ̀, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá. Ẹni tí òun àti òbí ọmọ jọ wá láti ìlú kan náà, àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà: àlejò ni gbogbo wọn lójú òfin, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà tó. Àǹtí bàbá Victoria náà kò sí nínú àwọn ìbátan tí òfin dárúkọ.

Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí gùn fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Láti àwọn ọdún 1950 wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wá kàwé ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó. Wọ́n máa ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́, ọmọ á sì lọ gbé ní abúlé kan ní Kent tàbí Sussex títí bàbá àti ìyá yóò fi gboyè. Lójú àwọn òbí, ohun tí a ń ṣe nílé ni: ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Lójú àwọn òyìnbó, òbí tó gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíì kò fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé fún ẹnì kejì. Àwọn ọmọ kan rí ìtọ́jú tó dára, àwọn mìíràn jìyà. Ọ̀pọ̀ wọn padà sọ́dọ̀ òbí láìgbọ́ Yorùbá mọ́, wọ́n ń wo ìyá tó bí wọn bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Nítorí wọn ni mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Káńsù á wá wo ilé, á bá ọmọ sọ̀rọ̀, á sì lọ. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà nínú ilé kan ló wà nínú ewu jù.

Ilé ìwé ní ká má sọ Yorùbá sí ọmọ mọ́ nílé, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dán.

Ẹ má gbà. Ọmọ tó gbọ́ èdè kan dáadáa nílé ní ìpìlẹ̀ tó lè kọ́ èkejì lé lórí, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní pẹ́ wọlé torí òun ni wọ́n ń sọ ní kíláàsì, ní pápá àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò bi yín pé èdè wo ni ọmọ fi ń lá àlá, ìtàn wo ló mọ̀ ní Yorùbá, yóò sì lo ìyẹn ní kíláàsì. Bí ọmọ kò bá sọ̀rọ̀ dáadáa ní èdè méjèèjì, ẹ béèrè fún ẹni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé wò, kó sì yẹ Yorùbá rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ọmọ mi ló máa ń túmọ̀ fún mi nílé ìwòsàn àti ní káńsù. Ṣé kò burú?

Ó burú fún ọmọ, ó sì burú fún ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún 11 kò yẹ kó jókòó máa túmọ̀ fún sóṣà wọ́kà ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe sí ìyá rẹ̀. Bí ohun tó dé bá jẹ mọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, ẹ ronú ohun tí yóò yọ sílẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ ògbufọ̀. Òṣìṣẹ́ ló máa wá a, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ògbufọ̀ náà lè wá láti ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ sọ fún wọn. Ẹ lè ní kó jẹ́ obìnrin, tàbí kó jẹ́ lórí fóònù láti ìlú mìíràn láìdárúkọ yín. Àwọn obìnrin tó wà nínú ìyà lọ́dọ̀ ọkọ ló ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù, torí ọ̀pọ̀ wọn ń dákẹ́ níwájú ògbufọ̀ tó lè gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sílé ìjọsìn.

Irun ọmọ mi: ilé ìwé ní kí ó gé e tàbí kó tú dídì rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá 2022, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìtọ́sọ́nà jáde pé òfin ilé ìwé lórí irun, bó bá dí àwọn ọmọ lọ́nà nítorí ẹ̀yà wọn, lè lòdì sí Equality Act. Ẹ mú un dání lọ bá ọ̀gá ilé ìwé.

Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ dábẹ́ fún ọmọbìnrin mi nígbà tí a bá lọ sílé. Ṣé ẹ̀gàn kọ́ nìyẹn?

Ìbéèrè náà lè dunni, mo sì mọ àwọn ìyá tó sunkún torí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò lè ṣe bí ẹni pé àṣà náà kò sí láàárín wa. Ní Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ọ̀yọ́, ó ti gbilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣe ọmọ ní ìpalára tí kò ní tán. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kà á léèwọ̀ láti 2015, èèwọ̀ sì ni ní Ìlú Ọba náà, ì báà jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2015, olùkọ́, sóṣà wọ́kà tàbí nọ́ọ̀sì tó bá rí i pé wọ́n ti ṣe é fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni kó bi gbogbo òbí tó bá yẹ ní ìbéèrè náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó má ṣe wo orúkọ Yorùbá nìkan kó sì wá sí ìpinnu.

Ṣé ọ̀nà kan wà tí ẹbí lè fi yanjú ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé káńsù nìkan ló ń pinnu?

Ó wà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ìdílé Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ní New Zealand, àwọn Māori, onílẹ̀ ibẹ̀, rojọ́ pé ìjọba ń kó ọmọ àwọn lọ láìbi ẹbí léèrè. Òfin 1989 níbẹ̀ wá fi dandan lé e pé kí wọ́n pe ẹbí jọ láti sọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún ọmọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọmọdé ní Ìlú Ọba gbé e wá síbí, wọ́n ń pè é ní family group conference. Ẹni tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà ló ń ṣètò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, lẹ́yìn náà wọ́n jáde kúrò nínú yàrá. Ẹbí nìkan ló kù: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá láti Birmingham, màmá tó wà ní Ìbàdàn lórí fóònù. Wọ́n á jọ sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á jà bó bá yẹ, wọ́n á sì mú ètò jáde: ta ni yóò mú ọmọ lọ sílé ìwé, ta ni yóò gbà á ní òpin ọ̀sẹ̀, ta ni yóò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìpàdé ẹbí ni, bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Bí káńsù kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Kí ẹ sì mú ẹni tó lè sọ òótọ́ wá, kì í ṣe àwọn tó máa bo àṣírí nìkan.

Sóṣà wọ́kà ni mí, Yorùbá sì ni mí. Ṣé mo ṣì nílò ẹ̀kọ́ yìí?

Ẹ nílò rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá wọ ilé Yorùbá, wọ́n á pè yín ní ọmọ wa, wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á bi yín pé ọmọ ìlú wo ni yín. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bó bá yẹ, kò ba iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ béèrè gbogbo ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ òyìnbó, ẹ wo yàrá tí ọmọ ń sùn, ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Bí ẹ bá mọ ẹbí náà, ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí ó fi ẹlòmíì sí i.

Bí ó bá jẹ́ ilé ẹ̀yà mìíràn, ẹ rántí pé aláwọ̀ dúdú tí ẹ jẹ́ kò mú kí ẹ mọ̀ wọ́n. Ní Tower Hamlets, ọ̀pọ̀ ìdílé Bangladesh ló wá láti Sylhet, agbègbè kan ní ilẹ̀ wọn. Ẹ béèrè èdè tí ìyá ń sọ kí ẹ tó pe ògbufọ̀ Bengali, torí Sylheti ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Ìyá tó jẹ́ Roma (ẹ̀yà kan tó tàn ká Yúróòpù) lè má ṣílẹ̀kùn fún yín rárá, torí ìran rẹ̀ ti rí àwọn ìjọba tó ń gba ọmọ wọn ní Yúróòpù. Ẹ má bínú sí i. Ẹ padà lọ, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀, ẹ wá ní àsìkò tó ní kí ẹ wá.

Mo gbà pé wọ́n fi ojú àbùkù wò mí. Níbo ni mo lè lọ?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: ọjọ́, aago, orúkọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an. Gbogbo káńsù ló ní ọ̀nà ìfẹ̀sùnkàn tirẹ̀. Ẹ gbà á. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ìwà sóṣà wọ́kà fúnra rẹ̀, àjọ tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ ni Social Work England. Family Rights Group ń gba òbí nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Àjọ AFRUCA, tí Modupe Debbie Ariyo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 2001, ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ìdílé Áfíríkà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ẹ má dúró dìgbà tí ìpàdé ààbò ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń pinnu bóyá ọmọ wà nínú ewu, bá ku ọ̀la kí ẹ tó pè. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti jókòó pinnu pé àwọn máa ṣe ìwádìí, ọjọ́ iṣẹ́ 15 péré ni wọ́n ní láti pe ìpàdé náà, lọ́yà àti ògbufọ̀ sì nílò àyè láti ka ìwé yín.